Irun Inú Agolo Àǹtí Agnes

Inú dígí ni mo ti rí i. Mo jókòó sáàárín ẹsẹ̀ Àǹtí Agnes, onídìrí tí a jọ ń gbé ilé, lábẹ́ igi máńgòrò ilé wa ní Ìgàndó, ó ń dirun ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ fún mi, torí irun tí iléèwé pàṣẹ fún ọ̀sẹ̀ yẹn nìyẹn. Ó kó irun tí òòyà fà jáde lórí mi jọ, ó wò ó títí, ó fi òwú dúdú dì í, ó sì kì í sí etí ìró rẹ̀.

Ara mi bù máṣọ. Ta ni kò mọ̀ pé irun orí ẹni kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ fún ẹlòmíì? Nílé wa, ẹni tó bá dirí tán ló ń kó irun rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò sun ún tàbí kó jù ú sí ṣáláńgá. Kí ni obìnrin yìí fẹ́ fi tèmi ṣe?

Ọdún 1993 ni mò ń wí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, irun iwájú orí mi sì ti ń re débi pé awọ orí ń hàn. Èyí tó burú jù ni pé bí irun ṣe ń kúrò lórí mi ló ń hù lágbọ̀n mi. Àràárọ̀ ni mò ń fi réésà fá a kí n tó lọ síléèwé. Ọrùn mi dúdú bí ìdí ìkòkò, bí mo sì ṣe ń fi kànrìnkàn ha á tó, kò mọ́. Ọmọge tó ń fá irùngbọ̀n, ẹ gbọ́ ná. Mo sunkún títí ó fi sú mi.

Hàbíbátù, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì, ni mo sọ fún.

"Ọláwùmí, o ò fura ni?" ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ń kó irun rẹ, irun rẹ ń dín kù. Kí lo tún ń wá?"

"Ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni."

"Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, jàre."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí Àǹtí Agnes ṣe tí mi ò fura sí. Bó bá rẹ́rìn-ín sí mi, màá bi ara mi pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Bó bá bu oúnjẹ fún mi, màá lọ dà á nù. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ọláwùmí, ṣé nǹkan oṣù rẹ ń wá déédéé?" Jìnnìjìnnì bò mí. Oṣù mẹ́ta ni mi ò tíì rí i, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan. Ta ló wá sọ fún un?

Nígbà tó di Sátidé, Àǹtí Agnes lọ pọnmi, kò ti ilẹ̀kùn. Mo yọ́ wọ yàrá rẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti rí agolo mílíìkì ńlá kan. Mo ṣí i. Irun mi ló wà níbẹ̀, ìdì mẹ́jọ, bébà kékeré wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo gbé e jáde, mo dà á sílẹ̀ níwájú àwọn obìnrin tó ń dúró de Àǹtí Agnes láti dirí.

"Ẹ wá wo ohun tó ń fi orí mi ṣe o!"

Bó ṣe dé nìyẹn, garawa omi ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo ṣa irun yẹn ló wà lára bébà," ó ní. "Mo fẹ́ fi han ìyá rẹ ni."

Ta ní fẹ́ gbọ́? Àwọn obìnrin náà fa ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n ń lọ. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó jókòó sórí àpótí ìdirí rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ yẹn ló sì fi ń jẹun.

Ìyá mi, tíṣà ni wọ́n, ò bá mi pariwo. Wọ́n ṣa irun náà nílẹ̀, wọ́n tò ó bí ọjọ́ ṣe wà lára bébà. Ìdì àkọ́kọ́ ò ju ẹ̀wà lọ, ìkẹjọ tó ẹyin adìyẹ. Mo rò pé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ la máa gbé e lọ. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ilé ìwòsàn ni wọ́n mú mi lọ.

Dókítà Olútóyìn wo irun náà, ó wo ọrùn mi, ó wo àgbọ̀n mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé nǹkan oṣù rẹ ń wá déédéé?" Ìbéèrè Àǹtí Agnes gan-an.

Nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jáde, ó ṣàlàyé fún wa.

"Ínsúlíìnì ni họ́mónù tó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kó lè wọ inú ara. Ara tìrẹ kì í tètè gbọ́ tirẹ̀, ló bá ń ṣe é ní àṣejù. Àpọ̀jù yẹn wá ń ti ilé ẹyin rẹ láti máa pèsè họ́mónù ọkùnrin ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tí gbogbo obìnrin ń ní díẹ̀díẹ̀. Òun ló ń sọ irun orí di tín-ín-rín, òun náà ló ń jí ti àgbọ̀n. Ọrùn tó dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, àmì rẹ̀ ni."

"Ṣé kì í ṣe pé ẹnì kan fi mí ṣe nǹkan, mà?"

"Rárá. Àmọ́ bá a bá jókòó tì í, ó lè di àtọ̀gbẹ." Ó nawọ́ sí agolo. "Ta ló kó èyí jọ? Ẹni náà ṣe ọ́ lóore."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú ìyá mi.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí àwọn èèyàn ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo kúnlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, mo sọ ọ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Àǹtí, ẹ forí jì mí. Àìsàn ni, kì í ṣe ọwọ́ yín. Mo parọ́ mọ́ yín."

Ó fa àpótí ìdirí rẹ̀ sún mọ́ mi.

"Mo rí i pé irun rẹ ń pọ̀ sí i lẹ́nu òòyà, mo sì ti rí irú rẹ̀ rí lára ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró," ó ní. "Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀ láìní ẹ̀rí, wọn á ní èmi ni. Mo wá ẹ̀rí, ẹ̀rí náà ló sì kó bá mi. Jókòó."

Mo jókòó. Ó ya irun mi, ó fi òòyà fà á.

"Tẹ́ ọwọ́ rẹ."

Mo tẹ́ ọwọ́. Gbogbo irun tí òòyà fà jáde, àtẹ́lẹwọ́ mi ló ń kó o sí. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín.

Mo lo oògùn, mo fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé ní Ìkòtún. Ó gbà tó ọdún kan kí irun mi tó kún díẹ̀. Àwọn oníbàárà Àǹtí Agnes náà padà. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó dirí lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kì í di irun ara rẹ̀ mú lọ́wọ́.

Ìfura loògùn àgbà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fura sí èèyàn, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè, bí ara yín bá sì yí padà, ẹ lọ rí dókítà. Mo rí irun mi gbà padà. Ọwọ́ tó ń bá mi kó o jọ, mi ò rí i gbà padà mọ́.