Ẹyẹ Olójú Pupa Lókè Oko Àgbàdo

Ká tó sọ̀rọ̀ àjẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti òmùgọ̀. Ìyá Àgbà ni òmùgọ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í jiyàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ọmọkùnrin rẹ̀ láàárín ebè àgbàdo, tó nà gbalaja, kò sí ọgbẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀, ọkọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ìyá Àgbà ló la ẹnu gbàgà láàárín èrò pé, "Ikú lásán kọ́ lèyí. Ẹnìkan ló pa á jẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àdúgbò bá a parí rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyàwó olóògbé ni gbogbo ojú ń wò.

"Ẹ ò rí i pé kò sunkún tó wa?" Télọ̀ ọ̀kánkán ilé ló wí bẹ́ẹ̀.

"Ọmú ló ń fún ọmọ," Ìyá Àgbà dáhùn. "Ṣé kó ju ọmọ nù kó máa yí nílẹ̀ ni?"

"Èmi ò sọ nǹkan kan o. Aṣọ ni mò ń rán."

Ọ̀rọ̀ ì bá rọlẹ̀, àfi ti ẹyẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí ìyàwó ṣe ń roko, Ìyá Àgbà rí ohun kan tó dúró sójú kan lókè, kò ju apá, ó ń kùn bí agbọ́n, ojú rẹ̀ pọ́n. Orí ìyàwó gan-an ló dúró sí. Ìtọ̀ gbóná gba itan Ìyá Àgbà. Síbẹ̀ ó he òkúta. Obìnrin tí kì í lè ju bàtà kó ba adìyẹ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́ lulẹ̀. Ó jù ú sínú ààrò.

"Ìyá, ẹyẹ wo ló ń rùn bí ike?" ìyàwó bi í.

"Ẹyẹ tìẹ ni."

Ó ròyìn ẹyẹ náà fún àdúgbò. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gba omi lọ́wọ́ ìyàwó mọ́.

Ìgbà tí owó ìrànwọ́ tí ìjọba fi ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ jáde, gbogbo olóko gbà, ti ilé Ìyá Àgbà nìkan ni kò dé. Òun ni wọn ì bá fi ra irúgbìn àti ajílẹ̀.

"Ó jẹ ọkọ tán, ó kan owó," ni Télọ̀ wí. Àwọn àgbà àdúgbò ní kí ìyàwó máa lọ, kí Ìyá Àgbà gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí yóò lọ ni akọ̀wé ọ́fíìsì àgbẹ̀ gun alùpùpù dé.

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá. Ẹ̀rọ wa kan já bọ́ sí oko yín. Ó máa ń fò kiri ya fọ́tò, ká lè mọ ẹni tó gbin àgbàdo lóòótọ́ ká tó sanwó. Fọ́tò tiyín la ò rí."

Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo mà tọ̀ sára nítorí ẹ̀rọ. Ẹ wá tún un yà, ọmọ mi."

"Wọ́n ti ti ìwé owó tọdún yìí lókè, Ìyá. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ìyá Àgbà wa wáyà jíjó jáde nínú eérú ààrò, ó gbé e tọ Télọ̀ àti àwọn àgbà lọ. "Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Èmi náà ni mò ń sọ pé irọ́ ni."

Télọ̀ mi orí. "Àjẹ́ tó lè wọ inú ẹ̀rọ ìjọba, ṣé kékeré ni? Ìyá, ó ti fún ẹ̀yin náà ní nǹkan jẹ." Àwọn àgbà káàánú rẹ̀, wọ́n ní kó lọ sinmi.

Nígbà tó délé, ìyàwó ti di ẹrù. Ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Àgbà sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ẹ̀rọ, ti ààrò, àti ohun tí àwọn àgbà wí. Ìyàwó gbọ́ ọ tán. Ó kúnlẹ̀, ó kẹ́yìn sí i.

"Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ gba ọmọ. Ọ̀já rèé, Ìyá. Ẹ tú u."