Ẹ̀jẹ̀ Ìdí Eyín Kíkẹ́lọmọ

Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ní agboolé wọn ní Ìrẹ́mọ. Kíkẹ́lọmọ, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ń fọ ẹnu lẹ́yìnkùlé. Itọ́ tó tu sílẹ̀ pọ́n bí omi osùn.

"Ẹ̀jẹ̀ nìyẹn?" Tinúadé, ìyá rẹ̀, ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Fi búrọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀! Omi iyọ̀ ni kó o máa fi yọ ẹnu."

"Màmá, dókítà ní kí n máa fọ ìdí wáyà dáadáa."

"Dókítà ló bí ẹ ni?"

Wáyà yẹn ni wọ́n fi ń to eyín iwájú rẹ̀ tó yọ síta. Ohun tí ìyá rẹ̀ ń fẹ́ kò ju kí ọmọ òun lè rẹ́rìn-ín láàrin ẹgbẹ́ láìfi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù láti sọ ti ẹ̀jẹ̀ náà, Dókítà Awóyẹmí wo ẹnu ọmọ náà, ó sì mú ìwé tín-ínrín kan tó fẹ́ tì bọ àárín eyín àti èrìgì, ẹran tó yí ìdí eyín ká.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Omi díẹ̀ ló máa fà, mà. Bí wáyà bá ń ti eyín, omi a máa sun níbẹ̀. Àwọn èròjà kan wà nínú omi náà tó máa ń sọ fún wa pé èrìgì ti ń wú, kí ojú tó rí i."

Tinúadé fa ọmọ rẹ̀ dìde. Ọdún 1996 ni. Ìbẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ tó ń fi ọmọ ṣe ògùn owó wà lọ́kàn gbogbo abiyamọ, irun orí pàápàá, wọn kì í jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀.

"Omi ara ọmọ mi! Ẹ lọ gba ti ọmọ yín!"

"Bí ẹ ò bá fẹ́, a ò ní gbà á, mà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó máa fọ ẹnu, kẹ́ ẹ sì máa wá..."

Tinúadé ti kọjá ẹnu ọ̀nà.

Nílé, ó gbàdúrà, ó po omi iyọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kò kan eyín mọ́. Ìdọ̀tí lẹ̀ mọ́ wáyà, èrìgì wú bo irin. Wáyà kò sì mọ̀ pé wọ́n ti kọ dókítà sílẹ̀; ó ń ti eyín lọ ní tirẹ̀.

"Màmá, eyín mi ń mì," ni Kíkẹ́lọmọ wí lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹ̀kọ tútù ló ń jẹ.

Dókítà kò bínú nígbà tí wọ́n padà dé. Ìyẹn ló dun Tinúadé jù.

"A máa bọ́ wáyà yìí. Àmọ́ eyín iwájú yìí ò lè dúró mọ́, mà. Egungun tó dì í mú ti jẹrà tán."

"Ṣé òmíràn ò ní hù ni?"

"Kì í ṣe eyín ọmọ ọwọ́, mà."

"Ká ní mo jẹ́ kẹ́ ẹ gba omi yẹn ni..."

"Ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ rí ti sọ ọ́ fún yín, mà. Ìdọ̀tí ló ń mú kó ṣẹ̀jẹ̀. Fífọ̀ ló máa ń dá a dúró."

Ó yọ eyín náà, ó fi òwú wé e, ó nà án sí ìyá. "Ẹ gbà, mà. Tiyín ni."

Tinúadé gbà á. Kíkẹ́lọmọ fi ọwọ́ bo ẹnu títí wọ́n fi délé.

Ẹ̀yin òbí wa, bí èrìgì ọmọ tó wọ wáyà bá pọ́n, tó wú, tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Kó fi èyí tó rọ̀ fọ ìdí wáyà láàárọ̀ àti lálẹ́, kẹ́ ẹ sì tètè mú un padà sọ́dọ̀ dókítà. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ bi wọ́n. Ẹ lè kọ̀ ọ́ pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ má sá lọ nígbà tí wáyà ṣì wà lẹ́nu ọmọ. Ẹ gbàdúrà pẹ̀lú, nítorí Ọlọ́run ń gbọ́. Àmọ́ eyín tó bá ti lọ nítorí àìgbọ́ràn wa, ọmọ ni yóò máa ru àlàfo rẹ̀ kiri.