Ojú Kejì Tí Kò Wo Nǹkan Kan

"Ṣé o ti wò ó?"

"Mi ò tíì wò ó. Ṣebí ìsinsìnyí lo fi ránṣẹ́? Oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu mi."

"Adúmáadán, jọ̀ọ́, gbé e mì. Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n máa gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Bí iṣẹ́ tèmi ò bá wọlé báyìí, ó tún di ìgbà míì nìyẹn."

Ọmọbìnrin tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù yìí kò jókòó. Láti ojú fèrèsé ló ń rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá, tó tún ń padà, bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ. Kíámọ́sá ni wọ́n ń pè é nílé àti níléèwé, orúkọ náà sì bá a mu bíi fìlà tí wọ́n wọn orí kí wọ́n tó rán an. Bí ó bá gbé omi kaná, kò ní jẹ́ kó hó. Bí wọ́n bá ń ṣe ìdánwò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní tíì ka ìbéèrè tán tí òun yóò ti máa wá ẹni tó máa gba ìwé lọ́wọ́ òun.

Ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Yàrá kọ̀ǹpútà iléèwé ni òun àti Adúmáadán, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti mọ Gègé. Gègé jẹ́ ètò orí kọ̀ǹpútà tí ènìyàn fi ń kọ ìwé. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ni ín, kò sì sí ẹni tó ń tà á. Àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi ìlú ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, ẹnikẹ́ni tó bá sì gbọ́ èdè ẹ̀rọ lè wo bí wọ́n ṣe tò ó nínú, kí ó tún un ṣe. Ẹni tó bá rí àléébù yóò kọ ọ́ sí ojú ìwé ìjíròrò wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọn yóò jiyàn, wọn yóò fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọn yóò sì wá ojútùú sí i. Télọ̀ kan wà láàárín wọn tó máa ń ní kí wọ́n dúró de òun, òun ń rán ọrùn aṣọ lọ́wọ́. Olórí wọn ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àgbà-ọ̀jẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i rí nínú wọn, àfi ọ̀rọ̀ tó ń kọ.

Òfin kan ṣoṣo ni Àgbà-ọ̀jẹ̀ kì í fi ṣeré. Kò sí àtúnṣe tó gbọdọ̀ wọ inú Gègé láìjẹ́ pé ojú kejì wò ó. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ kò lè fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò kà á láti òkè dé ilẹ̀, tí yóò dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí yóò wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mo ti wò ó, ó dára." Kò pẹ́ tí wọ́n fún Kíámọ́sá àti Adúmáadán láṣẹ láti máa ṣe ojú kejì. Ọmọ iléèwé lásán-làsàn! Kíámọ́sá sọ ọ́ títí ó fi sú gbogbo kíláàsì.

Àwọn tó ń kọ ìwé gígùn ló ń ráhùn. Wọ́n ní bí àwọn bá ní kí Gègé tọ́jú iṣẹ́ àwọn, ojú kọ̀ǹpútà á dúró gbagidi, àwọn á sì máa wò ó bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tí kò dé. Kíámọ́sá wá ìdí rẹ̀, ó sì rí i. Gègé kì í kọ iṣẹ́ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Yóò kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé, kí ó tó wá fi í rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Kíámọ́sá ní kí ni gbogbo kọ́lọkọ̀lọ yẹn wà fún. Ó gé e dànù. Láti ìgbà náà, Gègé yóò nu ti àtijọ́ kúrò, yóò sì máa kọ tuntun sí ojú ibẹ̀ gan-an. Ó yá wàrà. Ẹni tó bá ti ṣí òrùlé àtijọ́ dànù kí páànù tuntun tó dé, ó yẹ kó máa wo ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n Kíámọ́sá kò wòkè.

"Ṣé o fọkàn tán mi àbí o ò fọkàn tán mi?" ó bi Adúmáadán lórí fóònù.

"Mo fọkàn tán ẹ, àmọ́..."

"Kò sí àmọ́ níbẹ̀. Kọ ọ́ pé o ti wò ó. Tó bá dọ̀la, wàá jókòó wò ó dáadáa. Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

Kò sí ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ pe òun ní ojo. Adúmáadán nu ọwọ́ tí ọbẹ̀ wà lára rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé, "Mo ti wò ó, ó dára." Kò ka ìlà kan.

Ògbufọ̀ ni ìyá Kíámọ́sá. Nígbà kan rí, ẹ̀rọ tàìpù ló ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì kan, ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ọ̀gá rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ti irú yín," wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló wá kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ títí di òní, ó máa ń gbé ìka dúró díẹ̀ kó tó tẹ bọ́tìnnì, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àlejò. Ní báyìí, ilé ìwòsàn ńlá kan ti gbé iṣẹ́ fún un. Ìwé tó ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tó ń mú ara ọmọ tuntun móoru ni wọ́n ní kó túmọ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì kàn án rí. Orí tábìlì ìjẹun ló ti ń ṣe é, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tó jẹ́ pé iná ojú ògiri nìkan ló ń gbé e ró.

Bí ẹ̀dà tuntun Gègé ṣe jáde, kọ̀ǹpútà ìyá rẹ̀ ni Kíámọ́sá kọ́kọ́ sáré gbé e sí.

"Màmá, ẹ wò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ mi wà nínú èyí."

"Ṣé kò ní yọ mí lẹ́nu báyìí? Èyí tí mo mọ̀ ọ́n lò tẹ́lẹ̀ ti tó mi."

"Ó kàn yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni, Màmá."

Ìyá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó rí i pé lóòótọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó pe aládùúgbò wọlé pé kó wá wo ohun tí ọmọ òun ṣe.

Ọ̀sán Sátidé ni iná lọ. Kò sí ohun tuntun nínú pé iná lọ, ṣùgbọ́n ìyá Kíámọ́sá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí Gègé tọ́jú iṣẹ́ òun ni. Nígbà tí iná dé, ó ṣí ìwé náà. Ó pa á dé, ó tún un ṣí.

"Kíámọ́sá! Wá o! Níbo ni iṣẹ́ mi wà?"

Kíámọ́sá sáré jáde. Orúkọ ìwé náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ funfun báláú. Kí ìyá rẹ̀ tó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ tán ló ti mọ̀: Gègé ti nu ti àtijọ́ kúrò, iná sì lọ kó tó kọ tuntun síbẹ̀.

"Mo ti tẹ ohun tí kò yẹ kí n tẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó ń wo ìka ara rẹ̀. "Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé màá bà á jẹ́."

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun Kíámọ́sá. Ohun tó jáde ni pé, "Bóyá iná ló fà á, Màmá."

"Iná kọ́. Ìgbà wo ni iná ò lọ? Ọwọ́ mi ni. Tó bá di Mọ́ńdè, màá tẹ ilé ìwòsàn láago, kí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn fún ẹni tó mọ ẹ̀rọ lò."

Kíámọ́sá wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Lórí ojú ìwé ìjíròrò, oníròyìn kan ti kọ ọ́ pé iná lọ mọ́ òun lọ́wọ́, ìròyìn tí òun ń kọ sì di òfo. Télọ̀ dá a lóhùn pé kó lọ yẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò, Gègé kì í jẹ iṣẹ́ ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni Àgbà-ọ̀jẹ̀ kọ tirẹ̀: "Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Kíámọ́sá ló tún ibẹ̀ ṣe kẹ́yìn, Adúmáadán ni ojú kejì. Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ dán an wò pé kí iná lọ láàárín?"

Fóònù dún. Adúmáadán ni.

"Mo ti dáhùn," ó ní. "Mo ní a dán an wò, pé kò sí wàhálà níbẹ̀."

"O sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Kí n ní mi ò wò ó? Wọ́n á gba àṣẹ lọ́wọ́ wa! Ìwọ lo ní kí n kọ ọ́. Máa tún un ṣe wẹ́rẹ́, ká yọ́ ọ wọlé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Kíámọ́sá pa fóònù, irọ́ náà sì dúró síbẹ̀. Nítorí pé àwọn ènìyàn yẹn gbà wọ́n gbọ́, ibòmíràn ni wọ́n lọ ń wá àléébù náà sí. Ó jókòó láti tún un ṣe wẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó lọ mu omi, ó gbàgbé ife sọ́wọ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá yọjú sí ojú ìwé náà, ẹlòmíràn ti wá síbẹ̀ wá ké gbàjarè.

Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ló gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń dá sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, iṣẹ́ náà ju agbára mi lọ ni... Rárá o. Ẹ má bínú, ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ti irú wa."

Ó ń kọ́ ohun tó máa sọ lórí fóònù ni. Ó ti fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ, ó ti ká a, ó sì ti gbé páálí tí wọ́n fi gbé e wálé nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun síwájú. Ó ń dá a padà sínú páálí.

"Màmá, ẹ má tẹ̀ wọ́n láago."

"Kí ló tún kù?"

"Kì í ṣe ọwọ́ yín. Ọwọ́ mi ni." Omijé ti gba ojú rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, bó ṣe gé ibi tó ń dáàbò bo iṣẹ́ dànù, bó ṣe kán Adúmáadán lójú, bí wọ́n ṣe purọ́. "Ẹ ò tẹ nǹkan kan tí kò yẹ, Màmá. Ẹ mọ̀ ọ́n lò."

Ìyá rẹ̀ yọwọ́ kúrò lára páálí.

"Láti àná lo ti mọ̀?"

"Láti àná ni, Màmá."

"O wà níbẹ̀ tí mò ń bú ọwọ́ mi, o sì dákẹ́."

Kò pariwo. Ì bá sàn fún Kíámọ́sá kó pariwo. Ó gbé kọ̀ǹpútà jáde kúrò nínú páálí, ó ní, "Lọ sọ fún wọn. Àwọn kan wà níbi tí wọ́n wà, tí wọ́n ń bú ọwọ́ tiwọn náà."

Kíámọ́sá kọ ọ́. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan bò ó, kò sì dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Èmi ni mo ba Gègé jẹ́. Ìkánjú ló mú mi. Irọ́ ni pé a dán an wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà, kí iṣẹ́ ẹlòmíràn má bàa ṣòfò." Adúmáadán pè é, ó bú u dáadáa, ó sì pa fóònù mọ́ ọn létí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìlà kan tó yọ sí abẹ́ tirẹ̀: "Èmi ni ojú kejì. Mi ò wo nǹkan kan."

Àgbà-ọ̀jẹ̀ yọ ẹ̀dà náà kúrò lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé sí wọn: "Àléébù kì í tán nínú iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Tèmi pọ̀ ju tiyín lọ, torí náà ni mo ṣe ní kí ojú kejì máa wò mí. Àṣìṣe yín kò bí mi nínú. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ wò nígbà tí ẹ kò wò, àwọn ènìyàn sì fi ọ̀rọ̀ yín sun oorun. Mo gba àṣẹ náà lọ́wọ́ yín. Ẹ máa bá wa ṣiṣẹ́. Tí a bá tún fọkàn tán yín, a ó sọ." Kíámọ́sá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníròyìn náà. Èsì tó rí gbà kò gùn: "Mo ti gbọ́. Iṣẹ́ mi kò padà."

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, ìyá rẹ̀ tẹ ilé ìwòsàn láago lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ sí i ló tọrọ, wọ́n sì fún un. Ojoojúmọ́ tí Kíámọ́sá bá ti iléèwé dé, ìdí tábìlì ló ń lọ. Ìyá rẹ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ sókè, òun ń tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n kò dìde. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbọ́ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún wọn ni ti àwọn tí irọ́ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní gbogbo ogún ọdún yẹn. Ọ̀dọ́ tó ń kàwé yìí, bí o bá ní o wò ó, wò ó. Bí ọwọ́ rẹ bá bà á jẹ́, tètè sọ, kí ẹlòmíràn má bàa máa bú ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ náà parí, ìyá rẹ̀ ló tẹ bọ́tìnnì tó fi tọ́jú rẹ̀. Ìka rẹ̀ kò dúró lókè kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó yí kọ̀ǹpútà sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀.

"Wá bá mi fi ojú kejì wò ó, kí n tó fi ránṣẹ́."

"Ó ti dára, Mà..." Kíámọ́sá gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.