Ọwọ́ Tí Ó Ń Wa Mọ́tò Pupa

Ẹ má ṣe ka ọ̀rọ̀ yìí sí àlọ́. Obìnrin tí ó ṣẹlẹ̀ sí ṣì ń ránṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣì ń dún lójú fèrèsé, kò sì fẹnu kan ọtí rí. Bí ó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. N kò ní fi iyọ̀ sí i.

Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Oníṣẹ́ iná ni ọkọ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe òun náà ní Wáyà. Nígbà tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ṣì kéré, Wáyà ra mọ́tò ìṣeré oníná fún un: ojú ọ̀nà oníke tí a ń so pọ̀ títí yóò fi yí po, àti mọ́tò méjì, pupa kan, aláwọ̀ ewé kan. Ihò tóóró kan gba àárín ọ̀nà mọ́tò kọ̀ọ̀kan kí ó má baà yà, irin pẹlẹbẹ tí iná ń gbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Olúkúlùkù a di bọ́tìnnì tirẹ̀ mú. Bí o bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó ni mọ́tò rẹ ṣe ń sáré tó.

Ọmọ ṣe é, ó sú u. Àwọn òbí ni kò sú. Ọmọ dàgbà, ó lọ́kọ, ó lọ sí ìlú mìíràn. Ojú ọ̀nà oníke ṣì wà lórí tábìlì ní yàrá ẹ̀yìn, tọkọtaya a sì máa jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ bí ọmọdé.

Mọ́tò pupa ni ti Wáyà. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó dé kọ́nà ẹ̀bá fèrèsé, a rọra, a mí díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó tú u sílẹ̀. Aránṣọ kò ní irú sùúrù yẹn. Eré àsápajúdé ni tirẹ̀, mọ́tò rẹ̀ a sì fò bọ́ sílẹ̀. Wáyà a rẹ́rìn-ín, a ní ẹ̀rọ ìránṣọ kọ́ ló ń tẹ̀ yẹn.

Wáyà náà ló ń tún un ṣe. Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí ó ní lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni fọ́nrán òwú aṣọ, tí ó máa ń fò wá láti iwájú ilé wá wé mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ Wáyà. Apá ọ̀tún rọ, ẹnu wọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní ẹsẹ̀ lè padà, ẹnu lè padà; ní ti ọwọ́ yẹn, kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Aránṣọ a lọ láàárọ̀, a padà ní ìrọ̀lẹ́. Ilé pa lọ́lọ́. Eruku bo ojú ọ̀nà oníke, irin rẹ̀ ti ń dúdú. Ó rò ó pé bí baálé òun bá dé bá a báyìí, yóò dùn ún. Ló bá jókòó tì í. Ó fi aṣọ gbígbẹ nu eruku. Ó ti òwú bọ sípíríìtì, ó fi ń nu irin títí tí ó fi ń dán. Ó dojú àwọn mọ́tò dé, ó fi abẹ́rẹ́ tú fọ́nrán òwú kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, ó sì mọ aṣọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ó ya ìdì wáyà tín-ín-rín bí irun tí ó wà lábẹ́ wọn, kí ó lè máa kan irin dáadáa. Ó kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí jíà, ẹ̀kán kan péré, bí ó ti máa ń rí i tí Wáyà ń ṣe.

Ó gbé mọ́tò méjèèjì sórí ọ̀nà, ó tan iná sí i, ó tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀. Mọ́tò aláwọ̀ ewé lọ. Inú rẹ̀ dùn.

Nígbà náà ni ó gbọ́ ìró kejì.

Mọ́tò pupa ń lọ. Bọ́tìnnì Wáyà wà lórí tábìlì níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án.

Ìyàwó oníṣẹ́ iná ni. Ó mọ̀ pé iná lè jò. Ó fa wáyà bọ́tìnnì náà yọ. Mọ́tò pupa kò dúró. Ó dé kọ́nà ẹ̀bá fèrèsé, ó rọra, ó mí díẹ̀, ó lọ.

Orí Aránṣọ wú. Aránṣọ tó bá mọṣẹ́ a máa mọ ọwọ́ ẹni tí ó rán aṣọ, bí ẹni náà kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ó mọ ọwọ́ yìí.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní, jẹ́jẹ́.

Táyà kéékèèké ń dún lórí ike, ṣììì, ṣììì. Ni èrò burúkú kan bá sọ sí i lọ́kàn: bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà níbí, kí ni ó kù lọ́hùn-ún? Kò ti ilẹ̀kùn. Bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wọ̀ dé ilé ìwòsàn. Wáyà ń sùn. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí aṣọ ìbora, ó tutù, kò mira. Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ló gbàgbé. Ó ní kò sí.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún nu irin, ó tún tú òwú, ó jókòó. Mọ́tò pupa bá a sáré, ó sì borí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù ń fà lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi òjò. Ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù pé òun fẹ́ wá ẹni tí yóò máa bá a gbélé. Ó ní kí ó má ṣe ìyọnu, òun kò fi bẹ́ẹ̀ dá wà. Lójú tirẹ̀, ọwọ́ ọkọ òun ni, tí ibùsùn ilé ìwòsàn ti sú, tí ó yọ́ wálé wá ṣeré. Èrò náà tù ú nínú. Ó ń nu ọ̀nà náà bí ẹní ń nu ojú ọmọ.

Nígbà tí ẹnu Wáyà là, ó múra láti sọ fún un. Wáyà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ta ni ò ń bá sáré?"

Aránṣọ gbé ojú sókè wò ó.

"Ní ìrọ̀lẹ́," Wáyà ní. "Mo máa ń gbọ́ ọ láti ibí. Mọ́tò méjì."

"Ẹ̀yin kọ́ ni?"

Wáyà wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. "Èyí? Níbí ló wà. Mi ò gbójú kúrò lára ẹ̀."

Kò pẹ́ púpọ̀, wọ́n dá a sílẹ̀. Ó fi ọ̀pá wọlé, ó sì ní yàrá ẹ̀yìn ni òun ń lọ. Ó fi ọwọ́ òsì yẹ wáyà wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ní kò sí ibi tí iná lè gbà dé ara mọ́tò pupa. Ó wá jókòó, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan. Aránṣọ tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀.

Mọ́tò pupa tẹ̀ lé e.

Ó dé kọ́nà, ó rọra, ó mí díẹ̀. Omi dé ojú ọkùnrin náà, kò jẹ́ kí ó ṣàn.

"Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn gẹ́lẹ́," ó ní. Nígbà tó ṣe díẹ̀: "Òwú ti wé mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn. Bá a yọ ọ́."

Aránṣọ gbé e. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ tú òwú náà, ó dá a padà sórí ọ̀nà. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó fẹ́ tan iná yàrá, Wáyà ní kí ó fi sílẹ̀.

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó bà mí díẹ̀. Jókòó."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ sá eré àsápajúdé rẹ̀, mọ́tò rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ní kọ́nà. Ó dìde lọ gbé e. Mọ́tò pupa dé ibẹ̀, ó dúró. Aránṣọ fi í padà sínú ihò, kò yára. Mọ́tò pupa kò mira. Ó padà jókòó, ó tẹ bọ́tìnnì. Ìgbà tí tirẹ̀ kọjá tán ni mọ́tò pupa tó gbéra.

Wáyà mi orí.

"Èmi ò jẹ́ dúró dè ọ́ láé," ó ní.

Aránṣọ na ọwọ́ kan lábẹ́ tábìlì, ó di ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ̀ mú, èyí tí kò mọ nǹkan kan mọ́. Ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ bọ́tìnnì. Òkùnkùn bo yàrá náà, wọn kò rí ọ̀nà mọ́, wọn kò rí mọ́tò. Ìró méjì ni wọ́n ń gbọ́, tí wọ́n ń yí po.