Ẹni Tí Afẹ́fẹ́ Kọ́kọ́ Kàn

Káìtì pupa, aṣọ fífẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé fò, ni obìnrin aránṣọ ìgbòkun kan kọ́kọ́ rí lójú ọ̀run tó ṣú, kó tó wá rí ọkùnrin tó so mọ́ ọn. Ọkùnrin náà dúró lórí pákó, omi ń ta sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń bọ̀ tààrà wá bá ọkọ̀ tí obìnrin náà ń tù.

Òfin kan wà lójú omi. Ẹni tí afẹ́fẹ́ bá kọ́kọ́ kàn ni kó yà fún ẹnì kejì. Bó bá jẹ́ oníkáìtì, kó gbé káìtì sókè réré, kí okùn rẹ̀ má bàa kọ́ òpó ọkọ̀. Ọkùnrin yìí ni afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ kàn. Ó rẹ káìtì sílẹ̀. Okùn lọ́ mọ́ òpó, ìgbòkun sì ya.

"Ṣé ẹ ò rí mi ni?" obìnrin náà bi í, bó ṣe ń fà á wọnú ọkọ̀.

"Mo rí yín. Ẹ̀yin ni mò ń wò tí mo fi gbàgbé káìtì."

"Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa bá mi di ìgbòkun yìí mú tí mo bá ń rán an."

Ó wá lóòótọ́. Iṣẹ́ àtúnṣe fíríìjì ló ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó mọ aṣọ dì mú. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ó ti ń pe obìnrin náà ní Abẹ́rẹ́ mi. Obìnrin náà ń pè é ní Gbàgbé.

Bàbá obìnrin náà, atukọ̀ àgbà, kò gbà kí wọ́n fẹ́ra. Ẹnì kan tí kò yà lọ́nà ló pa àbúrò rẹ̀ sójú omi.

"Ẹni tí ò yà fún ọmọ mi lójú omi, ṣé inú ilé ló ti máa yà fún un?"

Ó rọra sọ ọ́, ó sì kọjú sí ògiri. Ọmọ rẹ̀ mú abẹ́rẹ́. Aṣọ ló ń rán, títí ìka rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀.

Ohun kan wà tí bàbá ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú òsì rẹ̀ ti ń fọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ní oṣù méjì lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ le, bàbá nìkan tukọ̀ jáde. Afẹ́fẹ́ ń ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wá. Gbàgbé wà lápá òsì, lórí pákó rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń súnmọ́ra. Bàbá ni afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ kàn, bàbá ló yẹ kó yà. Kò yà. Ọmọ rẹ̀ dúró ní èbúté, ó ń wò wọ́n.

Gbàgbé pariwo lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó rí i pé bàbá ò yíjú, ó já káìtì sílẹ̀, ó sì rì sínú omi. Ìdí ọkọ̀ gbá a léjìká. Káìtì pupa náà fò lọ, ẹnikẹ́ni ò rí i mọ́.

Ní ilé ìwòsàn, bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ta ló yẹ kó yà?"

"Èmi ni, bàbá. Mo tún gbàgbé."

"Má purọ́ fún mi." Bàbá fọwọ́ bo ojú ọ̀tún. "Mi ò rí ẹ báyìí. Má sọ fún ọmọ mi. Bó bá mọ̀, ọkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Ọmọ náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́. Ó na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀.

Ó pẹ́ kí bàbá tó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò, ó sì fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ẹ tètè ṣe ìgbéyàwó yín," ó ní, "kí ojú tó kù yìí lè rí i."

Òjò ń na fèrèsé.

"Apá yìí ò ní le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, Abẹ́rẹ́ mi," Gbàgbé sọ.

"Ọwọ́ kan tó láti di aṣọ mú."

"Nínú ilé ńkọ́? Ta ni á máa yà?"

"Ẹni tí afẹ́fẹ́ bá kọ́kọ́ kàn."

Bàbá dìde láti lọ. Obìnrin náà yà fún un, ó bọ́ sápá òsì rẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú, wọ́n sì rọra jáde.