Ọkọ̀ Àná Kọ́ Nìyí

Káfíńtà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kíá-Kíá kò jókòó jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ kan, fóònù wà lọ́wọ́ kejì, oníbàárà tó ń retí pákó ń jágbe mọ́ ọn. Ó wọ inú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ kò dáhùn.

"Ìyá Ìbejì! Jáde wá bá mi tì í!"

Ìyàwó rẹ̀, télọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì wa máṣíìnì, jáde pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Pákó tútù kún un fọ́fọ́.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká já ẹrù yìí sílẹ̀ ná."

"Nítorí kí ni? Ṣebí àwa méjèèjì náà la tì í lánàá!"

"Òfìfo ló wà lánàá. Bí nǹkan bá ṣe wúwo tó ni agbára tó máa sún un ṣe máa pọ̀ tó. Bó bá sì ti ń yí, kò rọrùn láti dá a dúró. A sì máa tì í gun òkè ẹnu ọ̀nà wa yìí. Bó bá padà sẹ́yìn ńkọ́?"

"Tíṣà ti dé!" Ó rẹ́rìn-ín. Fóònù tún dún. "Jọ̀ọ́, bọ́ sẹ́yìn."

Ìyàwó rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Kíá-Kíá tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń tì. Ọkọ̀ sún díẹ̀, ó dúró, ló bá ń padà bọ̀.

"Dì í mú!" Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ta ló fẹ́ di òkè mú? Kí ọwọ́ Kíá-Kíá tó tún kan bíréèkì, ọkọ̀ ti há ẹsẹ̀ obìnrin náà mọ́ ògiri ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Yéè! Ẹsẹ̀ mi o!"

Àwọn aládùúgbò sáré dé. Wọ́n tì í títí, kò mì. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló pariwo pé, "Ẹ já ẹrù!" Wọ́n ń ju pákó sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń ju tirẹ̀ pẹ̀lú omijé. Nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, èèyàn díẹ̀ ló sún un kúrò.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní, "Á rìn, àmọ́ kó má retí pé orúnkún yìí á tún wa máṣíìnì."

Obìnrin náà kò sunkún. Ó kàn wo ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ìbejì, jíjá ẹrù yẹn ò mà pẹ́ rárá."

Fóònù Kíá-Kíá tún dún; ó pa á.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tá a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Kẹ́ ẹ tó ti ọkọ̀, ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ já ẹrù, ẹ fi òkúta há táyà, ẹ má sì ní kí èèyàn yín dúró síbi tí ọkọ̀ lè padà sí.