Ọjọ́ Àtijọ́ Lórí Téèpù Tuntun

"Hàjàrá, ọkọ̀ Òmù-Àrán ti ń kún o! Àbí ibí lo fẹ́ sùn?"

Búọ̀dá Àfísù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló yọjú sí yàrá kọ̀ǹpútà, ní Ìlọrin.

"Ó ku ogójì fáìlì, Búọ̀dá."

Ọdún 1984 ni. Owó epo tí ìjọba fi ra ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ńlá yẹn ti gbẹ, wọ́n sì ti ń dín òṣìṣẹ́ kù. Hàjàrá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, ló ń da fáìlì àwọn olùkọ́ kọ láti orí téèpù tí ẹ̀rọ náà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí, tó ti gbó, sórí tuntun. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí fáìlì olùkọ́ kan ni ìjọba ń kà sí ọjọ́ tí olùkọ́ náà wọṣẹ́. Ọ̀gá wọn, Alàgbà Ọlánípẹ̀kun, ti kìlọ̀ fún un:

"Sọ fún ẹ̀rọ lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan pé kí ó pa ọjọ́ àtijọ́ mọ́. Bí o kò bá sọ ọ́, ọjọ́ òní ni yóò kọ síbẹ̀."

"Dà á kọ bẹ́ẹ̀ jàre," Àfísù ní. "Ta ni yóò mọ̀?"

Hàjàrá wo aago. Ó da ogójì náà kọ wéré láìsọ ti ọjọ́ àtijọ́ fún ẹ̀rọ, ó sì sáré bá ọkọ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹta, Tíṣà Àyìsátù, tó kọ́ ọ ní A-B-D ní Èsìé, wá sílé wọn pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́.

"Wọ́n ní ọdún yìí ni mo wọṣẹ́, pé àwa tuntun ni yóò kọ́kọ́ lọ. Èmi tí mo ti ń kọ́ni láti 1976!"

Hàjàrá rántí ogójì fáìlì tó kánjú dà kọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo ba ọjọ́ inú fáìlì ogójì olùkọ́ jẹ́. Bí ẹ bá lé mi, ẹ kò jẹ̀bi."

Alàgbà ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì gbé téèpù gbígbó náà jáde.

"Ẹni tó bá da omi sínú ìkòkò tuntun kì í fọ́ ti àtijọ́ kó tó mọ̀ bóyá tuntun ń jò. Jókòó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó tún wọn dà kọ o."

Títí oòrùn fi wọ̀, wọn kò dìde. Àfísù pàápàá ń ka orúkọ fún un, kò sì lè wò ó lójú. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti gba lẹ́tà ìdádúró ogójì olùkọ́ padà.

Tíṣà Àyìsátù dì mọ́ ọn. "Mo dúpẹ́ pé o kò dákẹ́."

"Ẹ̀yin kọ́ ni kẹ́ ẹ dúpẹ́, mà," Hàjàrá ní, omijé lójú rẹ̀. "Ọ̀gá wa tó tọ́jú téèpù àtijọ́ ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tí ìkánjú bá sì bà jẹ́, ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́ ló ń bá àtúnṣe rẹ̀.